Ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ katakata ọgbà àtijọ́? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin fún ẹni tó ń tún un ṣe nílé

Katakata ọgbà tòkunbọ̀ tó bá wọ Ìlọrin, ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú lára rẹ̀. Gíàbọ́ọ̀sì á ṣì le koko, áàsù ẹ̀yìn á ṣì dúró dáadáa, férémù irin nípọnnípọn tí wọ́n fi ṣe Wheel Horse, Cub Cadet àti John Deere 110 láyé ijọ́un kò sì ní tẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé ní Tánkẹ̀ tàbí ní Òmù-Àràn mọ ohun tó kàn: kí ni yóò wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn èèyàn ń gbà níhìn-ín. Àwọn kan ń tún ẹ́ńjìnnì tó bá a wá ṣe. Àwọn kan ń fi ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní 13 HP (agbára ẹṣin mẹ́tàlá) rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé dísẹ̀lì kékeré tí atẹ́gùn ń tù sí i, irú 186FA. Àwọn tó kù ń gbé dísẹ̀lì olómi sí i, èyí tó ń yí ẹ̀rọ ọlọ lọ́jà.

Ojú kan ni a ó fi wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: gíàbọ́ọ̀sì àti áàsù ni onílé, àlejò ni ẹ́ńjìnnì. Àlejò tí agbára rẹ̀ bá ju ti onílé lọ, ilé ni yóò wó.

Kí ẹ tó dárúkọ ẹ́ńjìnnì kankan

Ẹ gbé ẹ̀yìn katakata náà sórí jáàkì kí táyà méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ẹ ki í sí gíà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí púlì tó ń wọ gíàbọ́ọ̀sì. Gíà tó bá ń yọ fúnra rẹ̀, tàbí tó ń dún kọ́ọ̀ ní ojú kan ṣoṣo nínú ìyípo, eyín ti kán nínú rẹ̀. Ẹ wá tú ọ́ìlì gíà sínú abọ́ funfun. Bó bá rí bí omi ògì, omi òjò ti gba ẹsẹ̀ ọ̀pá gíà wọlé. Ẹ fi dísẹ̀lì ṣan inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì, kò burú jù. Bí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán bá wà nínú rẹ̀, ẹ ṣí i kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun mìíràn. Èyí tí kò ní gíà, tó jẹ́ pé ọ́ìlì ló ń tì í lọ tì í bọ̀, ẹ má fi dísẹ̀lì ṣan án rárá. Irú ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sílẹ̀ fún un ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà rẹ̀. Eyín gíà Wheel Horse kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣèèṣì bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Táíwò, nítorí náà, bí gíàbọ́ọ̀sì bá ti lọ pátápátá, ẹ tà á fún ẹni tó nílò áàsù.

Ohun kejì ni ibi tí ṣáàfù ẹ́ńjìnnì kọjú sí. Àwọn katakata àtijọ́ tó wúwo, ṣáàfù wọn dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ṣe fún koríko gígé nìkan, ṣáàfù tiwọn dojú kọ ilẹ̀. Gbogbo ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tí a fẹ́ fi rọ́pò nísàlẹ̀ yìí jẹ́ oníṣáàfù dídùbúlẹ̀. Àwọn kan ti rò pé àwọn lè da irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ délẹ̀ kí ṣáàfù rẹ̀ lè dojú kọ ilẹ̀. Ọ́ìlì kò ní dé ibi tó yẹ kó dé, ẹ́ńjìnnì yóò sì nọ́ọ̀kù.

Nínú àwọn tí ṣáàfù wọn dùbúlẹ̀ pàápàá, oríṣi méjì ló wà. Wheel Horse àti John Deere 110 ní ṣáàfù tó yọ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́líìtì ló sì ń gbé agbára lọ sẹ́yìn. Cub Cadet àtijọ́ yàtọ̀: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kẹ́yìn sí ẹni tó ń wà á, láti ara fúláìwíìlì ni ọ̀pá irin gígùn kan ti lọ bá kílọ́ọ̀ṣì àti gíàbọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Cub Cadet gbọ́dọ̀ ní tọ́nà tó mọ iṣẹ́, torí ó ní láti gbẹ́ ojú ìsopọ̀ tuntun tí kò ní yẹ̀ lójú ìlà. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, bẹ́árín kílọ́ọ̀ṣì ni yóò máa jẹ.

Lẹ́yìn náà ni eré. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù àtijọ́ sábà máa ń yí ní 3600 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan bí gáàsì bá kún. Bí ẹ bá gbé èyí tó ń yí ní 2600 rọ́pò rẹ̀ láìpààrọ̀ púlì, katakata yóò máa rìn bí ìgbín, abẹ koríko kò sì ní gé. Yóò kàn máa na koríko ni. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ pín eré àtijọ́ sí eré tuntun, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ sọ fífẹ̀ púlì ẹ́ńjìnnì di púpọ̀. 3600 pín sí 2600 jẹ́ 1.38. Púlì ìńṣì mẹ́rin yóò di ìńṣì márùn-ún àbọ̀. Fún ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní 2000, ó di ìńṣì méje àti díẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá àyè wà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù.

Owó ńkọ́? A kò kọ náírà síbí, torí iye tí wọ́n pè lóṣù yìí kọ́ ni wọn yóò pè lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye tí ẹ́ńjìnnì ń mu ní wákàtí kan ti di ọ̀rọ̀ tó tó jókòó lé lórí.

Títún ẹ́ńjìnnì tó bá a wá ṣe

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni Kohler K301, 12 HP, 476 cc, tí wọ́n fi irin dídà ṣe blọ́ọ̀kù rẹ̀. Ó wà lára ọ̀pọ̀ katakata ọgbà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Ohun tó dára lórí rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ẹ ó gbẹ́ tàbí jó pọ̀: bóòtù rẹ̀ bá férémù mu, púlì bá a mu, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò dé. Ẹni tó bá fẹ́ kí katakata rẹ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé iṣẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà nìyí.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe é. Fífi gééjì wọn kọ́ńpíréṣọ̀n kò wúlò fún Kohler K, torí ó ní ìdẹ̀kùn kan lára káàmù tó máa ń ṣí fáàfù èéfín díẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á kó lè rọrùn láti tan. Gééjì yóò máa parọ́. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ gbé písítìnì dé òkè pátápátá ní ìgbà tí fáàfù méjèèjì padé, kí ẹ di fúláìwíìlì mú, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn fọlikanáísà gba ojú pílọ́ọ̀gì wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ ìró atẹ́gùn ní ẹnu kábúrétọ̀, fáàfù tó ń gba epo kò dé. Bó bá jẹ́ ní sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni. Bó bá ń jáde níbi tí a ti ń bu ọ́ìlì, ríǹgì àti sílíndà ti jẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ ìtúká tí kò nídìí.

Bó bá jẹ́ fáàfù nìkan, owó kékeré ni. Ẹ fi ẹ̀kọ ìlọ fáàfù lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ yóò fi ní ìlà eérú kan tó yí i ká láìjá, kí ẹ wá fi fílà gééjì wọn àlàfo rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù: 0.20 sí 0.25 mílímítà fún èyí tó ń gba epo, 0.43 sí 0.48 fún ti èéfín. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ń fi àlàfo kan náà sí méjèèjì, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì Ṣáínà. Fáàfù èéfín Kohler tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yóò gùn sí i nígbà tó bá gbóná, kò ní lè padé mọ́, etí rẹ̀ á sì jó.

Bó bá jẹ́ sílíndà, ẹ gbé blọ́ọ̀kù lọ fún àwọn tó ń ríbóò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Wíwọ̀n sílíndà tuntun jẹ́ ìńṣì 3.375, ìyẹn mílímítà 85.7. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí písítìnì tó dé ọwọ́ yín. Písítìnì ńlá 0.010, 0.020 àti 0.030 ìńṣì ló wà, tí wọ́n bá gbẹ́ sílíndà kọjá ti písítìnì tí ẹ rí rà, kò sí àtúnṣe. Ẹ ki ríǹgì kọ̀ọ̀kan nìkan sínú sílíndà, kí ẹ fi orí písítìnì tì í kó dúró gbọọrọ, kí ẹ wá wọn àlàfo ẹnu rẹ̀: 0.25 sí 0.50 mílímítà. Kọnródù rẹ̀ kò ní mẹ́tààlì nínú. Alumíníọ́mù rẹ̀ ló ń yí lórí kíráńkì ní tààrà, tí ìdí kíráńkì náà jẹ́ ìńṣì kan àbọ̀ gẹ́lẹ́. Bí ìdí náà bá ti di ẹyin, kí tọ́nà tó lọ̀ ọ́, ẹ ra kọnródù tó kéré ní 0.010 ìńṣì ná.

Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù. K301 míràn ní gíà méjì kéékèèké tó wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíráńkì tí wọ́n fi sí i kó má baà gbọ̀n púpọ̀. Nígbà tí bẹ́árín wọn bá gbó, gíà náà yóò já, á sì lu ògiri blọ́ọ̀kù jáde. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ yọ ọ́ kúrò. Yóò gbọ̀n díẹ̀ sí i, àmọ́ blọ́ọ̀kù yín ò ní lù.

Níbi iná, àlàfo kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì jẹ́ 0.5 mílímítà, ti pílọ́ọ̀gì 0.9. Kọ́ńdẹ́ńsà ọkọ̀ àtijọ́ lè bá a ṣiṣẹ́. Kọ́ìlì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: kọ́ìlì ọkọ̀ tó nílò rẹ̀sísítọ̀ níta, bí ẹ bá so ó láìsí rẹ̀sísítọ̀ náà, yóò jó ojú kọ́ńtáàtì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ́ìlì SAE 30, bíi lítà méjì dín díẹ̀.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé písítìnì, gáskẹ́ẹ̀tì àti kọnródù ń ti òkè òkun bọ̀. Owó ẹrù lè sún mọ́ owó ọjà fúnra rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bó bá já lákòókò tí iṣẹ́ oko ń lọ lọ́wọ́, òjò ò ní dúró dè yín. Ó tún ń mu bẹntiróòlù ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Tí blọ́ọ̀kù bá ti là, tàbí tí kíráńkì bá ti kán, ẹ gbàgbé ọ̀nà yìí.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 13 HP ti Ṣáínà

Àwòkọ Honda GX390 ni wọ́n, 389 cc. 188F ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀. Honda fúnra rẹ̀ kọ 11.7 HP fún ojúlówó tirẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí 13 tó wà lára páálí mú yín lórí. Síbẹ̀, ó súnmọ́ 12 HP ti Kohler tó láti ṣe iṣẹ́ kan náà, kìlógíráàmù bíi 31 sí 32 ló sì wọ̀n, ìyẹn ni pé iwájú katakata yóò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fi katakata wọ́ ẹrù gun òkè gbọ́dọ̀ so irin bíi kìlógíráàmù ogún mọ́ iwájú kó má baà gbé ẹsẹ̀ sókè.

Òun ló dínwó jù nínú àwọn tuntun, kò sì sí ìlú kan ní gúúsù Kwara tí wọn kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Pílọ́ọ̀gì BPR6ES, kábúrétọ̀, ríǹgì, kọ́ìlì: gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù jẹnẹrétọ̀ láti Táíwò dé Ọ̀ffà.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tà ní ọjà wa ni wọ́n tú lára jẹnẹrétọ̀, ṣáàfù irú wọn sì rí ṣóńṣó bí ìwo. Púlì kò lè dúró lórí rẹ̀. Tọ́nà lè sọ fún yín pé òun á jó irin mọ́ ọn kó lè gùn. Ẹ má gbà. Kíráńkì tí wọ́n bá jó irin mọ́ kì í dúró gbọọrọ mọ́, á máa gbọ̀n títí yóò fi kán. Èyí tí ẹ ń wá ni èyí tí ṣáàfù rẹ̀ jẹ́ 25.4 mílímítà, tó gbọọrọ, tó ní ojú kíì. Ẹ mú púlì yín dání lọ sí ọjà, kí ẹ ki í bọ̀ ọ́ níbẹ̀: àwọn kan jẹ́ 25 gbáko, wọn á sì máa mì nínú púlì ìńṣì kan. Gọ́fánọ̀ ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tún wà ní títì sí 3000 kí iná lè jẹ́ 50 Hz, kò sì ní ọwọ́ gáàsì. Ẹ lè yí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má tú u dànù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní gọ́fánọ̀ máa ń sáré kọjá 3600, kọnródù á sì gba inú blọ́ọ̀kù jáde.

Kí ẹ tó tan án: ọ́ìlì lítà 1.1, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró pẹrẹsẹ. Wáyà tó ń pa iná bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ máa ń jẹ́ kí katakata kú lórí ilẹ̀ tó dagun, bíi àwọn oko ẹ̀gbẹ́ òkè lápá Òkè-Òdè. Àwọn mẹkáníìkì á gé wáyà náà, wọn á ní ìṣòro ti tán. Ẹ bu ọ́ìlì kún ná kí ẹ tó dá wáyà lẹ́bi. Ọ́ìlì àkọ́kọ́, wákàtí ogún ni kí ẹ fi lò ó. Lẹ́yìn náà, ọgọ́rùn-ún wákàtí, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá àádọ́ta. Ẹ fi sípánà tún bóòtù tọ́ọ̀pù sílíndà dì lẹ́yìn wákàtí márùn-ún àkọ́kọ́, nígbà tó bá ti tutù, torí kì í sábà le dé ìwọ̀n nínú àwọn àwòkọ. 35 Nm ni Honda kọ. Àlàfo fáàfù rẹ̀ jẹ́ 0.15 mílímítà fún epo, 0.20 fún èéfín.

Fílítà atẹ́gùn ló ń pa wọ́n jù níhìn-ín. Eruku pupa ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lóṣù Kínní lè jẹ ríǹgì tán ní sáà kan ṣoṣo. Ẹ máa fọ fóòmù rẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ bá lò ó, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ kùn ún, kí ẹ fún un gbẹ.

Dísẹ̀lì alátẹ́gùn 186FA

418 cc, bíi 9 sí 10 HP, okùn tàbí sítátà ni wọ́n fi ń tan án. Eré rẹ̀ lè dé 3600, nítorí náà púlì kì í yí padà. Kìlógíráàmù bíi 48 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Kohler, iwájú katakata kò ní mọ̀ pé ohun kan yí padà. Lójú ìwé, òun ló yẹ kó borí.

Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Dísẹ̀lì onísílíndà kan yóò gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì síìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ rọ́bà, irin ìjókòó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju mílímítà mẹ́fà lọ. Tí wọ́n bá jó o mọ́ férémù ní tààrà, ojú ìjó á là kó tó pé oṣù mẹ́ta, táǹkì epo á sì máa jò ní ibi tí wọ́n gbé e kọ́. Bí ó ṣe ń lu kíráńkì lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lu eyín gíà. Gíàbọ́ọ̀sì tí wọ́n fi irin dídà ṣe lè gbà á. Èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, ẹ má fi dísẹ̀lì kankan sí iwájú rẹ̀.

Àìsàn rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni epo ìdọ̀tí. Omi àti ìdọ̀tí inú jálá yóò jẹ pọ́ǹpù, ínjẹ́tọ̀ á máa tọ̀ dípò kó máa fọ́n. Ẹ ó rí èéfín dúdú, ẹ́ńjìnnì kò sì ní lágbára mọ́. Ẹ jẹ́ kí dísẹ̀lì sùn nínú jálá di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fà á láti òkè, kí ẹ má sì bu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ní nǹkan bíi 200 bar; àwọn tó ń tún pọ́ǹpù dísẹ̀lì ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ní Ìlọrin ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí epo bá tán nínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá epo lórí ínjẹ́tọ̀, kí ẹ fà á títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde tán, kí ẹ tó dì í padà.

Sísọ owó rẹ̀ kò gùn: ó wọ́n ju bẹntiróòlù 13 HP lọ dáadáa, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì kéré. Lẹ́yìn Ìlọrin àti Ọ̀ffà, ẹ lè máa wá ẹni tó ti ṣí ọ̀kan rí.

Dísẹ̀lì olómi, ọmọ ẹ̀rọ ọlọ

R175A ni kékeré wọn: 353 cc, bíi 6 HP, 2600 ni eré rẹ̀. S195 tún wà, 815 cc, 12 HP ní 2000. Ẹ ti mọ ìró wọn. Àwọn ló ń lọ ata ní ọjà Ìpàta àti ní ọjà gbogbo ìlú láti Ọ̀rọ̀ dé Òmù-Àràn. Ohun tó sọ wọ́n di ẹni tí a lè fi ṣe katakata nìyẹn gan-an: kò sí abúlé tí kò ní ẹ̀rọ ọlọ, kò sì sí ẹ̀rọ ọlọ tí kò ní ẹni tó ń tún un ṣe nítòsí. Lánà (ògiri inú sílíndà), písítìnì, ríǹgì àti pọ́ǹpù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì. Lánà rẹ̀ ń jáde, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ ríbóò rárá: ẹ yọ èyí tó gbó, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́.

Ṣáàfù rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà ó bá Wheel Horse àti John Deere 110 mu, kò bá Cub Cadet mu rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á fo R175A, wọ́n á lọ gbé S195, torí "agbára ni a ń wá." S195 ju ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù lọ dáadáa. Yóò tẹ áàsù iwájú mọ́lẹ̀, ọwọ́ ìdarí á le bí òkúta, agbára ìlù rẹ̀ á sì kán eyín gíà tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì tó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ní S195 tẹ́lẹ̀, kó fi sí katakata aláfọwọ́tì tí wọ́n ṣe fún un. R175A, tó jẹ́ kìlógíráàmù bíi 60 sí 65, ni òṣùwọ̀n tí férémù katakata ọgbà lè gbà.

6 HP kéré lórí ìwé. Yóò wọ́ kéèkè, yóò gbé omi, yóò gé koríko tí abẹ rẹ̀ kò bá fẹ̀ ju ìńṣì 36 lọ. Kíkọ poro nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí, kò ní fẹ́. Omi inú rẹ̀ máa ń hó lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ gbé jálá omi dání; bí omi bá gbẹ, gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sílíndà ni yóò kọ́kọ́ lọ, lánà á tẹ̀lé e. Omi kànga tó ní iyọ̀ máa ń di èèpá nínú àpótí omi rẹ̀. Omi òjò dára jù. Bí ẹ bá fẹ́ pa á mọ́ fún oṣù mélòó kan, ẹ tú omi náà dànù. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo lórí títan: ọwọ́ tí ẹ fi ń yí i, àtàǹpàkò àti ìka yòókù ní ẹ̀gbẹ́ kan náà lára irin, torí bó bá ta padà, àtàǹpàkò tó dì mọ́ irin lódìkejì ni yóò kán.

Ti ká gbé ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà sí i, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbìyànjú, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Atẹ́gùn ìrìn ló ń tu ti ọ̀kadà. Katakata kì í sáré tó láti tù ú. Yóò gbóná, á gán.

Ohun tí wọ́n ń mu

Honda kọ lítà 3.5 ní wákàtí kan fún GX390 ní 3600 tó bá ru ẹrù dáadáa, àwòkọ rẹ̀ kò sì ní mu dín. Kohler K301 ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. 186FA wà ní nǹkan bíi lítà 2 dísẹ̀lì, R175A ní nǹkan bíi lítà 1.5 nígbà tó bá ń lo gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo katakata wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́, ọjọ́ ogún nínú oṣù, bẹntiróòlù lítà 280 ló ń rà fún 13 HP, dísẹ̀lì lítà 120 fún R175A. Ẹni tó sì ń lò ó ní Sátidé méjì lóṣù kò ní fi iye wákàtí rẹ̀ rí owó ìyàtọ̀ ẹ́ńjìnnì padà láéláé.

Ta ni kó mú èwo?

Bí katakata yín bá jẹ́ Cub Cadet tó ní ọ̀pá gígùn, ẹ tún Kohler rẹ̀ ṣe. Àwọn mẹ́ta tó kù á gba iṣẹ́ tọ́nà tó pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó fẹ́ tà á fún olólùfẹ́ nǹkan àtijọ́, torí wọn kì í ra èyí tí wọ́n ti gé férémù rẹ̀.

Ilé ìwé, ilé ìjọsìn tàbí onílé GRA tó fẹ́ gé koríko lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀: bẹntiróòlù 13 HP. Ìró rẹ̀ kò pọ̀, ó rọrùn láti tan, bó bá sì bàjẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ tó wà ní òpópónà kan náà lè tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn Òmù-Àràn tàbí ní ọ̀nà Ẹ̀rúkù, tó ń wọ́ iṣu, ẹ̀gẹ́ àti omi lójoojúmọ́ pẹ̀lú Wheel Horse tàbí irú rẹ̀: R175A, kó sì bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ìlú rẹ̀ dọ́rẹ̀ẹ́ kó tó rà á. Tó bá jẹ́ poro kíkọ ni iṣẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́, katakata ọgbà kọ́ ló yẹ kó máa tún ṣe. Kó lọ wo àwọn aláfọwọ́tì, tàbí kó yà sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀rọ oko ní Ìdòfìan lójú ọ̀nà, kó béèrè ohun tó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu.

186FA dára fún ẹni kan péré: ẹni tó ní gíàbọ́ọ̀sì irin, tó ń lo katakata wákàtí púpọ̀ nínú Ìlọrin fúnra rẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti ń tún ínjẹ́tọ̀ ṣe kò jìnnà sí, tó sì ní bátìrì tó lágbára fún sítátà, torí okùn rẹ̀ kò ṣeé fà fún ẹni tí èjìká ń dùn.

Ẹni tí ṣáàfù katakata rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ kò ní ọ̀nà mẹ́rin. Méjì ló ní. Kó tún tirẹ̀ ṣe, tàbí kó máa wá òkú ẹ̀rọ koríko tòkunbọ̀ mìíràn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó mú téèpù lọ: kó wọn ṣáàfù, gígùn rẹ̀, ihò bóòtù mẹ́rin àti ibi tí púlì jókòó sí, kó sì fa okùn rẹ̀ nígbà mẹ́wàá kó tó kó owó jáde lápò.